Gìtá Inú Ilé: Láyé Kásẹ́ẹ̀tì àti Láyé Fóònù

Orin kan wà tí etí kì í fẹ́ gbà gbọ́ títí ojú yóò fi rí i. Gìtá kan ṣoṣo, ẹnìkan ṣoṣo, kò sí onílù, kò sí ẹni tó ń ta béèsì, síbẹ̀ gbogbo wọn ń dún. Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún ń ta okùn tó nípọn, ó ń ṣe iṣẹ́ béèsì. Ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan náà ń já lu àpótí gìtá lókè ihò rẹ̀, ó ń dún gbì. Èékánná àti oríkèé ìka ń kan ẹ̀gbẹ́ igi, ó ń dún kọ́, kọ́, kọ́. Ọwọ́ òsì ń fi orí ìka gbá okùn mọ́ ọrùn gìtá, ohùn orin sì ń jáde níbẹ̀ láìjẹ́ pé ọwọ́ kejì ta á rárá. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe á fi ọwọ́ méjì ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́rin.

Mo ti bá orin yìí rìn láti ayé kásẹ́ẹ̀tì títí dé ayé fóònù. Ohun tó pọ̀ ló ti dára sí i láàárín ayé méjèèjì, mi ò sì ní sẹ́ ẹ. Síbẹ̀ àárò ń sọ mí, kì í sì í ṣe àárò ẹ̀rọ. Bí a ṣe ń fetí sílẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé etí nìkan la ní, òun ni àárò rẹ̀ ń sọ mí.

Ọmọ wa ni ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́ irú gìtá bẹ́ẹ̀. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí Keziah Jones sí ní 1968. Olúfẹ́mi lorúkọ tó ń jẹ́ nílé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí wọ́n rán an lọ kàwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó dàgbà, ó gbé gìtá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì ní London àti sí ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Paris, ó ń ta á fún àwọn tó ń kọjá. Ẹni tó bá ń ta gìtá níbi tí ọkọ̀ ti ń hó, tí kò ní onílù lẹ́yìn, gìtá rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń ṣe ìlù. Ní 1992 ló gbé Blufunk Is a Fact! jáde, èyí tí Rhythm Is Love wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì náà dé ọ̀dọ̀ wa, a mọ̀ pé onílù wà nínú orin ọ̀hún, a mọ̀ pé ẹni tó ń ta béèsì wà. Ìyẹn ò rú wa lójú. Gìtá gan-an ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Bó ṣe ń ta ló ń gbá, okùn àti igi ń jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

“Ẹ̀gbọ́n, gìtá mélòó ló ń dún níbẹ̀ yẹn?”

“Ẹyọ kan ni.”

“Ẹ má tàn wá, ẹ̀gbọ́n. Ta ló wá ń gbá a lára báyẹn?”

“Ẹni tó ń ta á náà ni. Ẹ panu mọ́ ná, kẹ́ ẹ tún un gbọ́.”

Wọ́n á dá kásẹ́ẹ̀tì padà, a ó tún un gbọ́. Kò sí àwòrán tí a lè fi yanjú ọ̀rọ̀. Àwọn tó ní gìtá nínú wa á gbé tiwọn, wọ́n á máa wá ohùn náà kiri lára igi: wọ́n á gbá ìsàlẹ̀, wọ́n á gbá ẹ̀gbẹ́, wọ́n á gbá ibi tí ọrùn ti wọnú àpótí, títí ẹnìkan á fi pariwo pé, “Òun nìyẹn!” Ibi tí onítọ̀hún ti rí i sì lè má jẹ́ ibi tí Keziah ti ń gbá a rárá. Ìdí nìyẹn tí ẹni mẹ́ta tó kọ́ orin kan náà fi máa ń ta á lọ́nà mẹ́ta. Etí ló kọ́ wọn, ọwọ́ kálukú sì wá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ gìtá àti ìlù ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Nígbà tí Túndé King ń kọrin ní Olówógbowó l'Ékòó, gìtá wà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà, ìlù jùjú wà, ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú. Ní 1936 ni ilé iṣẹ́ Parlophone gba orin rẹ̀ sílẹ̀. Àwo ìgbà náà kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lójú kan, nítorí náà orin tí wọ́n lè kọ di òru nínú pálọ̀ ní láti kúrú kó tó lè wọnú àwo. Ní 1949, Àyìndé Bákàrè gbé gìtá tó ń lo iná wọ inú jùjú. Gìtá wá ní ohùn tó lè ké ju ìlù lọ, ààyè sì gba onígángan àtàwọn onílù mìíràn láti pọ̀ sí i lẹ́yìn olórin.

Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Gìtá oníná bá ẹgbẹ́ olórin lọ sóde àríyá. Gìtá onígi lásán dúró sílé, nínú pálọ̀ àti lẹ́nu ọ̀nà, lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ẹgbẹ́, tí kò sì ní owó tí yóò fi pe onílù. Olùkọ́ ni àwọn tí mo mọ̀ nínú wọn, akọ̀wé ni wọ́n, awakọ̀ ni wọ́n. Bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí wọ́n jẹun tán, wọ́n á gbé gìtá lé itan. Wọ́n á ta á, wọ́n á gbá a, ẹnìkan lè máa fi ṣíbí lu ìgò tì wọ́n. Ẹni tó ń kọjá á yà, á jókòó, kò sì ní dìde bọ̀rọ̀.

Bí a bá fẹ́ gba irú orin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, rẹdíò alákásẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ohun tí a ní. Máìkì rẹ̀ kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ, wọ́n sì kàn án mọ́ ara rẹdíò. Ohun kan tún wà nínú rẹ̀ tó ń dá ohùn dín kù fúnra rẹ̀ bí ariwo bá pọ̀, tó sì ń gbé e sókè bí ibẹ̀ bá pa rọ́rọ́. Fún ẹni tó fẹ́ gba ìwàásù sílẹ̀, ohun rere ni. Fún gìtá tí a ń gbá, ìyọnu ńlá ni. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá ti já lu igi gbì, rẹdíò á ta gìrì, á tẹ gbogbo ohùn mọ́lẹ̀. Okùn tó yẹ kó máa dún lẹ́yìn gbì náà á rì, á wá máa yọrí padà díẹ̀díẹ̀, kó sì tó yọ tán, ìgbá mìíràn ti tún dé. Nígbà tí a bá wá gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà, gbogbo orin á máa lọ sókè sódò bí àyà ẹni tó sáré dé.

Ọgbọ́n la fi ń bá a jà. A ó gbé rẹdíò jìnnà díẹ̀, a ò sì ní kọjú rẹ̀ sí ihò gìtá. Ọ̀kánkán ejìká ẹni tó ń ta á la máa gbé e sí. A ó gbé e lé ìrọ̀rí, kí ìgbá má baà gba inú tábìlì wọ̀ ọ́. A ó fa kọ́tìnnì, a ó gbé fóòmù ibùsùn ti ògiri tó dojú kọ wá, kí ohùn má baà ta padà. Ẹni tó ń ta gìtá náà á sì kọ́ ọwọ́ rẹ̀: á gbá igi jẹ́jẹ́, á ta okùn kíkankíkan, títí méjèèjì á fi wọ̀n dọ́gba nínú téépù. Ọwọ́ tó kọ́ ìwọ̀n lọ́nà bẹ́ẹ̀ kì í gbàgbé e mọ́. Mo mọ àwọn tí ẹ̀kọ́ yìí bá wọn dọ́jọ́ alẹ́.

Àkókò tó dára jù ni òru tí NEPA bá mú iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ ò tíì pọ̀ láàárín àdúgbò nígbà náà. Bí iná bá lọ, fáànù á dúró, fìríìjì á dákẹ́, tẹlifísọ̀n aládùúgbò á dákẹ́, bátìrì sì ni rẹdíò tiwa ń lò. Ẹnìkan á tẹ bọ́tìnnì pupa. Láti ibẹ̀ lọ, kò sí gígé, kò sí lílẹ̀. Bí ọwọ́ bá ṣìnà nígbà tí orin kù díẹ̀ kó parí, ó di láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kì í wúkọ́, wọn kì í fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Bí ajá bá gbó níta, bí ọmọ bá ké, ó ti wọnú orin nìyẹn títí ayé.

Nílùú òyìnbó, ẹ̀rọ tó sàn ju tiwa lọ ti ń wọnú ilé. Ní 1979 ni Tascam, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Japan, gbé Portastudio jáde, ẹ̀rọ alákásẹ́ẹ̀tì tó lè gba ohùn mẹ́rin sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí téépù kan náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1982, Bruce Springsteen jókòó sí yàrá ilé rẹ̀ ní New Jersey pẹ̀lú gìtá onígi, máìkì méjì àti irú ẹ̀rọ yìí. Ó pe ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ láti tún àwọn orin náà ṣe ní sitúdíò, ṣùgbọ́n ohun tó ti inú yàrá wá ló borí, òun sì ni wọ́n tẹ̀ jáde ní àwo Nebraska lọ́dún kan náà.

Ní ti gìtá tí a ń ta tí a tún ń gbá, Michael Hedges ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí aṣáájú. Ní 1984 ni Windham Hill gbé Aerial Boundaries rẹ̀ jáde l'Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ tó gbọ́ ọ sì ló rò pé ó ju ẹnìkan lọ. Preston Reed, ọmọ Amẹ́ríkà bíi tirẹ̀, náà bẹ̀rẹ̀ sí í lo àpótí gìtá bí ìlù nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń parí lọ. Hedges kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní California ní 1997, kí fídíò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó dé inú ilé gbogbo èèyàn. Ọ̀pọ̀ tó fẹ́ràn rẹ̀ ni kò fojú kan ọwọ́ rẹ̀ rí. Etí ni àwọn náà fi mọ̀ ọ́n, bí àwa náà ṣe fi etí mọ Keziah.

Nígbà tó ṣe, fídíò orí íńtánẹ́ẹ̀tì dé. Wọ́n dá YouTube sílẹ̀ ní 2005. Bí 2006 ti ń parí lọ, CandyRat Records, ilé iṣẹ́ orin kékeré kan ní Milwaukee, gbé fídíò Andy McKee, ọmọ ìlú Topeka ní Kansas, síbẹ̀. Drifting ni wọ́n ń pe orin náà. Ọkùnrin kan jókòó, gìtá kan wà lórí itan rẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ gba orí ọrùn gìtá kọjá dípò abẹ́ rẹ̀, ó ń gbá okùn láti òkè. Ọwọ́ ọ̀tún ń gbá okùn, ó ń gbá igi. Àràádọ́ta ọ̀kẹ́ èèyàn ló wò ó. Ní 2012, Stephen Fry, gbajúmọ̀ òṣèré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, darí àwọn èèyàn sí fídíò Passionflower tí Jon Gomm, onígìtá ará Leeds, ta, ayé sì ya lọ síbẹ̀. Nínú rẹ̀, ẹ ó rí i tí Gomm ń yí kọ́kọ́rọ́ orí gìtá bó ṣe ń ta á lọ, tí ohùn ń tẹ̀ lé ìyípo ọwọ́ rẹ̀ sókè sílẹ̀.

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Àríyànjiyàn tí a fi ọ̀pọ̀ òru ṣe, fídíò ìṣẹ́jú díẹ̀ ló yanjú rẹ̀. Ó hàn gbangba pé òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n ń sọ, pé ọwọ́ méjì tó ohun gbogbo. Mi ò mọ orin mìíràn tí fídíò ṣe lóore tó bẹ́ẹ̀, torí kò sí èyí tó nílò ẹlẹ́rìí tó o. Ọmọ tó wà nínú yàrá kan ní Ìbàdàn tàbí ní Peckham lè jókòó sí iwájú ọ̀gá tí kò ní pàdé láéláé, kí ó rí ìka tó gbá igi, kí ó rí ibi tó gbá a.

Gbígbà á sílẹ̀ náà ti rọrùn. Ní 1973, nígbà tí Paul McCartney wá ṣe orin l'Ékòó, sitúdíò EMI ní Apápá ló lọ. Irú ibẹ̀ nìkan la ti ń rí máìkì gidi. Lónìí, máìkì méjì, àpótí kékeré tó ń so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà alágbèéká àti héédífóònù, ó parí. Mo máa ń jókòó ti àwọn àbúrò tó ń ṣe é, mo sì máa ń gbádùn bí wọ́n ṣe mọṣẹ́. Máìkì àkọ́kọ́ ń wo ọ̀kánkán fret kejìlá, níbi tí ọrùn ti sún mọ́ àpótí, ó sì jìnnà sí i tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ibẹ̀ ni okùn ti ń dún gaara. Wọn kì í kọjú rẹ̀ sí ihò, torí ohùn tó ń ti ibẹ̀ jáde máa ń ki, ó sì ń bo ìyókù mọ́lẹ̀. Máìkì kejì ń wo ìsàlẹ̀ àpótí, lẹ́yìn ibi tí okùn ti so mọ́ igi, kí ìgbá lè dún bí igi. Àwọn mìíràn tún máa ń lẹ pickup kékeré mọ́ inú àpótí, èyí tó ń gbọ́ ìgbọ̀nrìrì igi tààrà, kí gbì náà lè wúwo.

Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí máìkì kan bá jìnnà ju èkejì lọ, ìgbá kan náà kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn pọ̀, àwọn méjèèjì sì lè máa pa ohùn ara wọn. Àwọn àbúrò yìí á wá yí ohùn máìkì kan sódì nínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á gbọ́ ọ, wọ́n á dá a padà, wọ́n á tún gbọ́ ọ. Apá tí gbì bá ti kún jù ni wọ́n á mú. Ibẹ̀ ni inú mi ti máa ń dùn jù, torí wọ́n á pajú dé. Kò sí ohun tí wíwo lè ṣe sí i. Etí ló ń dájọ́.

Wọn kì í sì í fi ìwọ̀n ohùn ṣeré. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbá gìtá bó ṣe máa le tó gẹ́lẹ́ lójú orin, wọ́n á sì fa ohùn wálẹ̀ títí ìgbá tó le jù lọ kò fi ní kọjá nǹkan bíi -6 dB. Téépù máa ń forí ji èèyàn: bí ìgbá bá le jù, ó máa ń rọ̀ ọ́ díẹ̀ kó tó fọ́. Kọ̀ǹpútà kì í forí ji ẹnikẹ́ni. Bí ìgbá bá ti kan òkè, ó ti fọ́ nìyẹn, kò sì sí ohun tó lè mú un bọ̀ sípò dáadáa.

Ẹni tó ní fóònù nìkan ńkọ́? Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyí: fóònù ṣì ń ṣe ohun tí rẹdíò alákásẹ́ẹ̀tì ń ṣe. Ó ń tẹ ohùn mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ìgbá bá bọ́ lù ú, ó sì ń gbé e padà lẹ́yìn náà. Mo máa ń gbọ́ fídíò àwọn ọmọdé tí àwòrán rẹ̀ mọ́ tónítóní, tí orin inú rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò bíi ti kásẹ́ẹ̀tì ọjọ́un. Ọgbọ́n àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: kí wọ́n sún fóònù sẹ́yìn, kí wọ́n gbá igi jẹ́jẹ́, kí wọ́n fa kọ́tìnnì, kí wọ́n fi fóòmù ti ògiri. Èyí tó sàn jù ni kí wọ́n fi ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ gba ohùn, kí fóònù máa wo ọwọ́ nìkan.

Àwòrán náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Bí ohùn àti àwòrán bá wà nínú ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ìpàtẹ́wọ́ yẹn ni wọ́n á fi so méjèèjì pọ̀. Ohùn ní 48 kHz ni wọ́n ń gbà, torí òun ni fídíò ń lò. Nínú orin tí a ń fi ẹnu kọ lásán, bí ohùn bá fi díẹ̀ gbẹ́yìn, ó lè má hàn. Gìtá tí a ń gbá kò gba bẹ́ẹ̀: bí àtẹ́lẹwọ́ bá ti kan igi tí gbì kò sì tíì dún, ojú á kọ̀ ọ́. Ní Nàìjíríà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 50 Hz ni iná mànàmáná, gílóòbù púpọ̀ sì ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tí kò bá fi ìyára kámẹ́rà rẹ̀ sí 1/50 tàbí 1/100 ìṣẹ́jú àáyá lè rí ìlà dúdú tí yóò máa rìn lójú àwòrán. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ló dára jù, kó gba ẹ̀gbẹ́ wá, kí òjìji ọwọ́ má baà bo igi. Àmọ́ bí oòrùn bá pọ̀ jù, kámẹ́rà fóònù á máa yára jù, okùn gìtá á sì dà bíi pé ó rọ̀, tó ń wọ́ kiri nínú àwòrán.

Gbogbo èyí làwọn ọmọ òde òní mọ̀, mo sì yọ̀ fún wọn. Kí ló wá bọ́ sọnù?

Ojú ti ń ṣáájú etí. Ọmọ tó ń kọ́ orin lónìí á dá fídíò dúró, á wo ìka, á dín eré rẹ̀ kù sí ìdajì, á gbé ìka tirẹ̀ síbi kan náà. Ó yá ju tiwa lọ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún ọmọ ló ń gbé ìka síbi kan náà, ẹgbẹ̀rún gìtá sì ń dún bákan náà. Àṣìgbọ́ tó ń sọ kálukú wa di olórin ọ̀tọ̀ kò rí ààyè mọ́. Nígbà tí a ń wá ohùn kiri lára igi, ohun tí a ń wá kọ́ la máa ń rí nígbà gbogbo, ohun tí a sì rí jẹ́ tiwa.

Orin náà ti ń kúrú, bó ṣe kúrú láyé àwo ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó tiẹ̀ ti kúrú ju ìyẹn lọ. Orin ìṣẹ́jú márùn-ún ti di ìdajì ìṣẹ́jú. Apá tí ọwọ́ ti ń fò lórí igi ni wọ́n ń fi síwájú. Apá tí gìtá ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tó jẹ́ pé òun ló ń gbé gbígbá náà ró, ni wọ́n ń gé dànù. Nígbà tó bá pẹ́, olórin fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìtá fún ojú. Ìgbá á pọ̀, orin á dín. Fóònù tí wọ́n gbé dúró lóòró pàápàá kì í gba gìtá tán: bí ọwọ́ ọ̀tún bá hàn, orí ọrùn á gé kúrò.

Ilé náà ti ń kúrò nínú ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ilé. Nínú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́, mo lè mọ̀ pé ìgbà òjò ni torí páànù ń dún lẹ́yìn gìtá. Mo lè mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀, torí ẹnìkan á mí kanlẹ̀ nígbà tí orin bá parí. Lónìí, kọ̀ǹpútà á nu òjò kúrò, á nu ajá kúrò, á nu mímí kúrò. Bí iná bá lọ, kì í tún ṣe ìdákẹ́ jẹ́ẹ́ ló ń dé. Jẹnẹrétọ̀ gbogbo àdúgbò ni yóò hó, olórin á sì pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé di ọjọ́ mìíràn. Òun nìkan ló jókòó síbẹ̀, héédífóònù létí. Àwọn olùgbọ́ rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn, kò sì mọ èyí tó gbọ́ orin náà dópin nínú wọn.

Ṣùgbọ́n bí mo bá ń sọ òótọ́, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ tán. Ayé àtijọ́ gan-an ṣe ohun tó dùn mí jù. Àwọn olùkọ́, àwọn akọ̀wé àti àwọn awakọ̀ tó ń ta gìtá lẹ́nu ọ̀nà wọ̀nyẹn, ohùn ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lọ pátápátá. Kásẹ́ẹ̀tì díẹ̀ tí a fi gba orin wọn sílẹ̀, òmíràn bu, òmíràn yọ́ nínú ọkọ̀ tí oòrùn pa, wọ́n sì fi òmíràn gba ìwàásù lé orin lórí. Àwọn ọwọ́ tó mọ ìwọ̀n wà níbẹ̀, tó ń gbá igi lọ́nà tí ẹlòmíràn kì í gbà gbá a. Kò sí àwòrán wọn kankan. Bí ọmọ kan bá bi mí lónìí pé, “Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?” ẹnu lásán ni mo ní láti fi sọ fún un. Fóònù olówó pọ́ọ́kú kan ì bá ti gba gbogbo rẹ̀ là.

Nítorí náà, mi ò ní kí ayé padà sẹ́yìn. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí etí gba ipò rẹ̀ padà nínú ayé tí ojú ti jọba. Ẹ̀yin àbúrò tó ń kọ́ gìtá, ẹ gbọ́ orin kan fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó wo fídíò rẹ̀, kí ẹ fi ẹnu yín kọ apá okùn, kí ẹ fi ọwọ́ lu apá ìgbá lórí itan. Ẹ gba odindi orin kan sílẹ̀ láìgé e, kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kódà bí ẹ ó bá tilẹ̀ gbé èyí tí ẹ gé síta. Ẹ sọ orúkọ yín, ìlú yín àti ọjọ́ tí ẹ gbà á sílẹ̀ kí ẹ tó ta okùn àkọ́kọ́.

Èyí tó jẹ mí lógún jù wà nílẹ̀ síbẹ̀. Àwọn àgbàlagbà tó ń ta gìtá onígi nínú pálọ̀ kò tíì tán. Wọ́n ṣì wà ní Ìbàdàn, wọ́n wà l'Abẹ́òkúta, wọ́n wà ní Mushin àti ní Òṣogbo, ìka wọn sì ṣì mọ ibi tí igi ti ń dáhùn. Ẹ má dúró de sitúdíò fún wọn. Ẹ gbé máìkì méjì yín, ẹ gbé fóònù yín, ẹ lọ kí wọn, ẹ bẹ̀ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí máìkì gbọ́ okùn, kó gbọ́ igi. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà wo ọwọ́ méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí ajá bá gbó, ẹ fi sílẹ̀. Bí ọmọ-ọmọ wọn bá wọlé, ẹ fi sílẹ̀. Kí ẹ sì jókòó gbọ́ orin náà tán.